Ìkọ́kọrẹ́ Tí Rachel Sè fún Màmá

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí dókítà sọ nípa mi. Ẹ ń fi í pamọ́, ẹ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àìsàn náà wà. Inú ara mi ló wà, mo sì mọ̀ pé mò ń lọ. Kí n tó lọ, irọ́ kan wà tí èmi Adédoyin pa nínú ẹbí yìí, tí gbogbo yín gbà gbọ́, tí ẹ sì fi fìyà jẹ àbúrò mi láti ọjọ́ yìí wá. Òní ni mo fẹ́ gbé e síta. Bọ̀ọ̀dá Múyìwá, ẹ má sọ fún mi pé kí n sinmi. Ẹ̀yin ni àkọ́bí Màmá, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́kọ́ dá Rachel lẹ́bi, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Ayọ̀olúwa, ìwọ àti Ọ̀rẹ́olúwa, ẹ má jáde. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ó kan ẹ̀yin ọmọ Rachel ju bí ẹ ṣe rò lọ. Asimawu, jókòó síbi ilẹ̀kùn yẹn. O mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n má dá sí i títí n óò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mi ò sì bímọ, mo kó ẹrù mi padà sílé Màmá ní Atikori. Èmi ni mò ń gbé wọn dìde láàárọ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń fi ìpara ra wọ́n lẹ́sẹ̀, tí mò ń gé èékánná wọn, tí mò ń fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè yìn mí. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì ń kà á sí wọn lọ́rùn nínú ọkàn mi lójoojúmọ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Rachel ní tiẹ̀ ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé nípa oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé, Sátidé nìkan ló ń wá. Ẹ wá wo Màmá ní Sátidé! Láti àárọ̀ ni wọn yóò ti ní kí n bá àwọn mú gèlè wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wé lójoojúmọ́ o, ọ̀tun ni. Wọn yóò ní kí n gbé àga àwọn sí iwájú ilé. Bí ọ̀kadà bá ti dúró, wọn yóò na ọrùn, wọn yóò ní, "Doyin, wò ó bóyá Ràkẹ́lì ni." Ràkẹ́lì ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń kà á nínú Bíbélì wọn. Èmi tí mo wẹ̀ wọ́n, tí mo wé gèlè náà fún wọn, wọn ò wé gèlè dè mí rí. Ẹni tó wà nílé, ta ló ń retí rẹ̀?

Ẹ mọ̀ pé eyín ti tán lẹ́nu wọn, ìkọ́kọrẹ́ ni oúnjẹ wọn. Ẹ sì mọ irú ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n jẹ́. Wọn ò fẹ́ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná. Wọ́n ní gbígbóná wà fún àlejò tí kò mọ̀ ọ́n jẹ. Èyí tó ti sùn mọ́jú, tó ti dì, tí epo ti dúró lórí rẹ̀, ni wọ́n ń fẹ́ láàárọ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kaná. Bí èmi ṣe ń sè é nìyí: n óò rin ewùrà, n óò sè é nínú ìkòkò ńlá, n óò dé e pa, n óò fi í sílẹ̀ lórí àdògán títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí Màmá ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí ìyá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Múyìwá ra fìríìjì fún wa, tí wọ́n sì fi sólà sórí ilé kí iná má baà máa já wa kulẹ̀, mi ò jẹ́ gbé nǹkan tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀. Mo ní yóò ba fìríìjì jẹ́. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìkòkò bá ti tutù pátápátá, kí n tó gbé e wọlé.

Rachel ló yí i padà. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá ìkòkò mi lórí àdògán, ó ní kí n gbé ọwọ́ mi sí i lára. Ara rẹ̀ ti tutù. Ó wá ki ṣíbí bọ àárín rẹ̀, ó bù ú sí mi lọ́wọ́, ó ṣì ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí Doyin, ìkòkò ńlá máa ń mú ooru mọ́ra. Inú lọ́wọ́ọ́wọ́ yìí gan-an ni àwọn kòkòrò tí a ò lè fojú rí ti ń pọ̀ sí i." Láti ọjọ́ yẹn ló ti gba ìdáná Sátidé. Bí ó bá ti sọ ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀, kò ní jẹ́ kó jókòó sínú ìkòkò. Yóò bù ú sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ, kò ní bù ú kún wọn. Kò ní dé e. Yóò to àwọn abọ́ náà sínú báàfù omi tútù, yóò ju píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín sínú omi náà, yóò máa fi ṣíbí rò ó kí ooru lè jáde. Bí omi bá ti gbóná, yóò dà á nù, yóò pọn òmíràn. Nígbà tí ooru bá ti lọ lára abọ́, yóò dé e, yóò tò ó sínú fìríìjì, kò sì ní kó wọn lé ara wọn, ó ní kí afẹ́fẹ́ tútù lè ráyè kọjá láàárín wọn. Ó ní kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ láti orí iná dé inú fìríìjì, àti pé lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kò ba fìríìjì jẹ́, oúnjẹ tí a fi sílẹ̀ níta ló ń bàjẹ́. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní gbàgbé. Ó ní àwọn tó ń gbé oúnjẹ wọn kaná kó hó dáadáa, iná lè bá wọn pa nǹkan díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá tó ń jẹ ẹ́ ní tútù, mímú un tutù kíákíá yìí nìkan ló ń dáàbò bò wọ́n. Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ lẹ́yìn mi pé Doyin kò mọ̀, pé ayé àtijọ́ ló ń bá a jà. Mo mọ̀.

Ìkọ́kọrẹ́ Rachel wá dùn mọ́ Màmá ju ẹnu sísọ lọ. Ó ń lo edé tí Asimawu ẹlẹ́ja ń kó wá láti Efire, ó ń lo ẹja gbígbẹ tó dára, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Láàárọ̀, èmi ni n óò ṣí fìríìjì. Èmi ni n óò gbé abọ́ wá, n óò so aṣọ mọ́ wọn láyà, n óò fún wọn ní ṣíbí. Tí wọ́n bá ti tọ́ ọ wò báyìí, wọn yóò ní, "Ràkẹ́lì, ọwọ́ rẹ kò ní ro. Ràkẹ́lì, o ò ní sunkún ọmọ." Èmi tí mo gbé abọ́ dúró níwájú wọn, àdúrà ń fò mí kọjá lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Tó bá di àárín ọ̀sẹ̀ tí ti Rachel tán, tí mo sè tèmi, wọn yóò jẹ ṣíbí méjì, wọn yóò bi mí léèrè, "Ti Ràkẹ́lì ti tán ni?" Wọn kì í fi ìbínú sọ ọ́. Bí ìbá jẹ́ ìbínú ni, ì bá sàn fún mi. Owú jẹ mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo jowú ọmọ ìyá mi tí mo pọ̀n lẹ́yìn. Mo ń fọ àwọn abọ́ rẹ̀, mo ń fi kànrìnkàn ha wọ́n bí ẹni pé mo fẹ́ ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára wọn.

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tí Rachel ti wọkọ̀ padà, mo ṣí fìríìjì. Mo fi abọ́ kan sílẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó ìyókù síta, mo ṣí ìdérí wọn, mo tò wọ́n sójú fèrèsé. Mo ní kí wọ́n kan. Ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi nígbà náà: kí Màmá tọ́ ọ wò, kí ojú wọn fún pọ̀, kí wọ́n tu ú jáde, kí wọ́n ní, "Kí ni Ràkẹ́lì sè yìí?" Kí wọ́n wí i lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, mo dá àwọn abọ́ náà padà sínú fìríìjì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé ọ̀kan wá, mo sì dúró tì wọ́n, mò ń wo ojú wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n lá ṣíbí. Wọ́n ní ti ọ̀sẹ̀ yìí tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọlọ́run, ṣé kò yẹ kí n dúpẹ́ kí n sì jáwọ́? Èyí tí mo bà jẹ́ fúnra mi, òun náà ni wọ́n tún fi yìn ín. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ni mo bá ṣe èyí tó burú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí ọkọ̀ Rachel ti lọ, mo kó àwọn abọ́ náà, mo da gbogbo ìkọ́kọrẹ́ inú wọn padà sínú ìkòkò ńlá tèmi. Mo gbé e sórí gáàsì, mi ò jẹ́ kó hó. Mo kàn mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi dà bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ ìkókó, mo dé e, mo fi ògbólógbòó ìró wé e yíká, mo gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ Rachel ni mo lò? Gbogbo ohun tó ní kí a má ṣe ni mo ṣe, mo ṣe é létòlétò. Màmá bèèrè tiwọn ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo ní kí wọ́n mu ògì kí a tètè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a padà dé, mo ki ọwọ́ bọ inú ìró náà, ìkòkò ṣì ń lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ibi tí mo ti ń tú ìró náà ni Asimawu bá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, inú fírísà wa ni Asimawu ń kó ẹja tí kò bá tà sí kó tó padà sí Efire. Ó rí ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àwa náà bímọ ni, tí a fi aṣọ wé ọmọ sí kọ̀rọ̀. Mo ní Màmá ní àwọn fẹ́ ẹ ní gbígbóná lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò rùn, àmọ́ kí n má fi fún ìyá arúgbó. Ó ní nílé àwọn, bí ẹja bá ti kúrò nínú omi, yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí, wọn kì í dúró dìgbà tó bá rùn. Mo pòṣé. Mo ní kó kó ẹja rẹ̀ kó máa lọ, mi ò bi í léèrè. Lẹ́yìn tó lọ, mo bu ìkọ́kọrẹ́ náà padà sínú àwọn abọ́ Rachel, mo fi ṣíbí tẹ́ ojú rẹ̀ bí Rachel ṣe máa ń tẹ́ ẹ, mo dé e, mo tò ó sínú fìríìjì, mo sì fi àlàfo sáàárín wọn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti tutù nini. Ẹni tó bá ṣí i kò lè mọ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo mú abọ́ kan. Mo gbé e sí imú, kò kan, kò rùn, òórùn edé nìkan ló ń jáde. Mo bu díẹ̀ sí ṣíbí, mo gbé e dé ẹnu, mo sì dá a padà. Mi ò tọ́ ọ wò. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni mo rò pé kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kí ló dé tí mi ò fi tọ́ ọ wò? Mo so aṣọ mọ́ wọn láyà, mo gbé e fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi ṣíbí ha abọ́. Mo ha á, mo sì fi èyí tí mo ha náà sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ń ṣàdúrà fún Rachel bí wọ́n ṣe ń gbé e mì.

Kí oòrùn tó kan àtàrí ni èébì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Mo ń nù wọ́n, mo ń pààrọ̀ aṣọ, òmíràn ń dé. Ojú wọn wọ inú lọ, ètè wọn gbẹ, wọ́n ń pè mí, wọn ò pe Rachel. "Doyin, má fi mí sílẹ̀ o." Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọjọ́ yìí ni wọ́n sọ fún mi, inú ẹ̀gbin tí mo fọwọ́ mi sè ni mo sì ti gbọ́ ọ. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wọn lára. Bọ̀ọ̀dá Múyìwá ti dé nígbà tí dókítà bi mí léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ tí Rachel sè ni. Dókítà ní báwo la ṣe tọ́jú rẹ̀. Mo ní, "Gbígbóná ló máa ń gbé e sínú fìríìjì. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́." Ẹ wo bí irọ́ ṣe jáde lẹ́nu mi, kò tilẹ̀ kọ́ mi lẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ rántí bí ẹ ṣe jágbe mọ́ ọn nígbà tó dé. Iléèwé ló ti sáré wá, ẹfun tó fi ń kọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní ìwé tó kà ló fẹ́ fi pa ìyá yín, ẹ ní kó má ṣe sè nǹkan kan fún Màmá mọ́ láyé. Ó ń bẹ̀ yín, ó ní òun mú un tutù dáadáa. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí Doyin, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ojú yín ni mo ṣe é." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ Màmá ṣe. Mi ò wo ojú rẹ̀. Rachel, o pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè tú mi fó. Asimawu wá sílé lẹ́yìn tí Màmá padà dé, ó kí wọn tán, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Àǹtí, ìkòkò tẹ́ ẹ wé láṣọ lọ́jọ́ náà ńkọ́?" Mo ní bí ó bá la ẹnu rẹ̀, kó wá fírísà mìíràn tí yóò kó ẹja rẹ̀ sí. Ó ní, "Wallahi, Ọlọ́run á bi wá." Ó sì dákẹ́, nítorí ó ní àwọn ọmọ tó ń bọ́, ẹja kò sì mọ ọ̀la. Ẹ má bá a wí. Èmi ni mo dè é lẹ́nu.

Ṣé mo wá rí ohun tí mò ń wá? Mo yọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ lórí ìyẹn náà. Èmi nìkan ni mò ń dáná. Rachel ń wá ní Sátidé, ọsàn àti búrẹ́dì ló ń mú wá, nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Yóò jókòó ti Màmá, yóò ká ọwọ́ méjèèjì sí itan bí àlejò. Ayọ̀olúwa, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ṣe nínú ilé yìí. Ẹ sọ fún mi pé ó ń da oúnjẹ tí kò ní nǹkan kan nù, pé ó ń jí dìde lọ wo fìríìjì. Mo gbọ́ pé ó ní kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ òun níléèwé, pé ẹni tó fẹ́ẹ̀ pa ìyá rẹ̀ kò lẹ́nu láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Màmá sì ń jẹ tèmi. Wọn a jẹ ẹ́, wọn a ní, "A dúpẹ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò wé gèlè dè mí.

Lẹ́yìn tí Màmá kú, àìsàn yìí dé bá mi. Rachel ló wá kó mi kúrò ní Atikori. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi nínú yàrá tó ní fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún mi bó ṣe ń dáná fún Màmá. Abọ́ pẹlẹbẹ, báàfù omi, yìnyín. Oúnjẹ tí mo gbà lẹ́nu ìyá mi, èmi ni mo wá ń jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan, méjì, mo gbé e mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo di ògiri mú, mo lọ bá a nílé ìdáná, ó ń ro ìkọ́kọrẹ́ nínú abọ́, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà nínú omi báàfù. Mo sọ ọ́ fún un: fèrèsé, ìkòkò, ìró, ohun tí mo sọ fún dókítà. Kò gbé ojú sókè. Kò yọ ọwọ́ kúrò nínú omi. Kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi ṣe é. Ó ní, "Ṣé Màmá jẹ ẹ́ tán?"

Mo ní, "Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kí n ha abọ́ fún àwọn." Ó ní láti ọjọ́ náà òun rò pé ẹnu Màmá kọ̀ ọ́, pé wọ́n kàn fi ìfẹ́ gbé e mì ni. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń dé àwọn abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú fìríìjì, torí àkókò ń lọ. Ó ti ilẹ̀kùn fìríìjì, ó ní kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Ohun tí mo fi pè yín nìyẹn.

Ayọ̀olúwa, Ọ̀rẹ́olúwa, ẹ má ṣe bíi tèmi. Oúnjẹ tó bá ti sùn níta nínú ìkòkò, ẹ má jẹ́ kí imú yín sọ fún yín pé ó dára, imú mi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá sì rí i pé ìfẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ìyá yín ń ta yín lára, ẹ yára wí i jáde kó tó di ohun tí ọwọ́ yín yóò máa ṣe.

Ó ku ọ̀kan. Rachel, jókòó, mi ò sọ eléyìí fún ọ nílé ìdáná. Ẹnu mi ò gbà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Màmá ń lọ sópin, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Doyin, pe Ràkẹ́lì fún mi. Ìkọ́kọrẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ. Sọ fún un pé ẹ̀rù ò bà mí." Mo mú fóònù, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mi ò pè ọ́. Mo wọlé padà, mo ní, "Ràkẹ́lì ní òun ò ráyè." Wọn ò bú ọ. Wọ́n ní, "Ó dáa. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, má yọ ọ́ lẹ́nu." Wọ́n wá yí ojú sí ògiri. Mo gbé tèmi wá, wọn ò ṣí ẹnu. Wọn ò béèrè oúnjẹ kankan mọ́ títí wọ́n fi kú.

Rachel, o ráyè. Mo mọ̀ pé ìwọ ì bá fẹsẹ̀ rìn wá láti Àgọ́-Ìwòyè ká ní o gbọ́. Èmi ni mo ní o ò ráyè. Bọ̀ọ̀dá, tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo tọ́jú Màmá. Ẹ sọ ohun tí mo sọ lónìí. Rachel, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o ò bá sì lè dárí jì mí, mi ò ní bá ọ jà, ṣùgbọ́n lọ gba ẹ̀kọ́ rẹ padà níléèwé. Iṣẹ́ tí Màmá rán mi sí ọ kò ju pé ẹ̀rù oúnjẹ rẹ kò ba àwọn. Mo ti pẹ́ púpọ̀ kí n tó jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ ẹ.